Kákítọ́ọ̀sì mi jẹrà níbi tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀: kí ni ewéko aṣálẹ̀ ń fi gbé ẹ̀mí ró gan-an?

Àṣàkẹ́ Ojú Fèrèsé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìkòkò ewéko mẹ́ta ni mo tò sójú fèrèsé. Èkíní jẹ́ kákítọ́ọ̀sì kan tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Ó ti pé ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀ ni mò ń ta omi díẹ̀ sí i, kò sì fa wàhálà kankan. Lóṣù tó kọjá tí ooru mú janjan, àánú rẹ̀ ṣe mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín láràárọ̀. Lánàá mo ní kí n nu eruku ara rẹ̀, àfi bí ìka mi ṣe wọnú rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó ti dúdú, omi kan tó ń rùn sì ń sun jáde níbẹ̀.

Ìkejì ni èyí tó dà bí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, Lithops. Ewé rẹ̀ méjèèjì ti ń hunjọ, àárín rẹ̀ sì ti sán. Mi ò mọ̀ bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ìkẹta, ẹni tó fún mi pè é ní òdòdó àjíǹde. Ó gbẹ, ó ká wọnú ara rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó ní tí mo bá rẹ ẹ́ sómi, yóò jí.

Ohun tí kò yé mi rèé: ewéko tó ń gbé níbi tí òjò kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ rọ̀, báwo lomi ṣe wá pa á? Ṣé wọn kì í mu omi ni? Kí ni wọ́n ń fi gbé ẹ̀mí ró níbẹ̀? Ṣé kí n sì bomi rin Lithops yìí àbí kí n fi í sílẹ̀?

Kò-sí-ìyọnu

Omi ló pa á. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ jù ú nù, ẹ wá òmíràn.

Bàbá Olóko

Kò-sí-ìyọnu, ẹ fara balẹ̀, ẹ má tíì ní kó jù ú nù. Àṣàkẹ́ ọmọ mi, orí rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì le? Tí òkè rẹ̀ bá ṣì le tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà, mú ọ̀bẹ tó mú dáadáa, fi sípíríìtì nu ún, kí o gé e lókè ibi tó jẹrà. Wo ojú ibi tí o gé. Tí o bá rí àmì pupa rúsúrúsú kan báyìí níbẹ̀, bó kéré bí orí abẹ́rẹ́, tún gé e sókè sí i, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́. Gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò ti pa á tààrà, kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, kó sì le. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba méjì. Lẹ́yìn náà kí o gbé e ka orí iyanrìn gbígbẹ. Má ta omi sí i títí yóò fi ta gbòǹgbò. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún ọ. Fi ọwọ́ náà sápò.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì

Bàbá ti dáhùn ti ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn "báwo lomi ṣe wá pa á", torí ìbéèrè gidi ni.

Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ewéko ló ní ihò wẹ́wẹ́ lára tí ojú lásán kò lè rí. Stomata ni wọ́n ń pè wọ́n. Ihò yìí ni carbon dioxide ń gbà wọlé, èyí tí ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ di oúnjẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni omi ń gbà jáde. Bí ó bá ṣí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, omi ara rẹ̀ ń bá ibẹ̀ sá lọ. Níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ìyẹn kò tó nǹkan. Ní aṣálẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ikú ni.

Kí wá ni kákítọ́ọ̀sì ń ṣe? Ó ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ó ń ṣí i lóru nígbà tí ara ilẹ̀ ti rọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí oòrùn lóru tí yóò fi dáná. Nítorí náà, ó ń yí afẹ́fẹ́ tó fà sínú padà di malic acid, irú ásíìdì tó ń mú kí èso ápù kan lẹ́nu, ó sì ń kó o pamọ́ sínú àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ti gbogbo ihò, á tú ásíìdì yẹn padà díẹ̀díẹ̀, á sì máa se oúnjẹ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. CAM ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ọgbọ́n yìí.

Ẹ mọ àbámodá, àbí? Ewé tó nípọn yẹn, tó ń hu ọmọ létí. Òun náà ń ṣe é. Ní 1815 ni wọ́n tẹ lẹ́tà Benjamin Heyne jáde, onímọ̀ ewéko kan tó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Ó ní òun tọ́ ewé náà wò láàárọ̀, ó kan. Lọ́sàn-án, kò ní ìtọ́wò kankan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti rí ohun tí àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú palẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ti arábìnrin wa. Ewéko tó ń ṣọ́ omi ná tó báyìí kì í yára mu èyí tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀. Omi àárọ̀ àná kò tíì tán tí ti òní fi dé. Bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò ń mí. Tí omi bá gba gbogbo àyè tí afẹ́fẹ́ yẹ kó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀, gbòǹgbò á kú, àwọn ohun àìfojúrí tó ń mú nǹkan jẹrà á sì gba ojú ibẹ̀ wọlé. Kì í ṣe pé kákítọ́ọ̀sì kórìíra omi. Ó fẹ́ mu ún lẹ́ẹ̀kan kó yó, kí ilẹ̀ tún gbẹ pátápátá.

Ọmọ Ẹlẹ́wé

Tíṣà, mo jí ní aago mẹ́fà, mo já àbámodá kan jẹ. Ẹ gbà mí gbọ́, ó kan! Mo ń dúró de ọ̀sán kí n tún tọ́ ọ wò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ yìí! Kí ahọ́n kàn án kì í ṣe ẹjọ́, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di ohun à ń jẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé rí yín níbẹ̀. Ìdílé àwọn ewé yẹn ní májèlé tó ń ba ìlù ọkàn jẹ́. Ó ti pa màlúù tó jẹ ẹ́ ní Ọsirélíà, òdòdó rẹ̀ ló sì burú jù. Tíṣà, ẹ̀yin náà, ẹ máa fi ìkìlọ̀ kún un.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì

Mo gbà, mà. Ẹ̀bi mi ni.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni àṣírí. Igi aṣálẹ̀ kì í dúró de òjò, ó ń wá omi lọ sísàlẹ̀ ni. Ẹ ṣe ìwádìí Igi Ténéré. Kasíà kan ṣoṣo ni, láàárín aṣálẹ̀ Sàhárà ní orílẹ̀-èdè Niger, kò sí igi kankan mọ́ títí ojú fi rí dópin. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1938, wọ́n rí gbòǹgbò rẹ̀ ní ohun tó lé ní mítà 30 sísàlẹ̀, níbi tí omi wà. Òkè gbẹ táútáú, ìsàlẹ̀ ń mu omi tútù.

Ní 1973 ni awakọ̀ akẹ́rù kan lọ kọlù ú, ó dá a. Aṣálẹ̀ gbàràgàdà, igi kan péré, ìyẹn náà ni ọkọ̀ rí kọlù. Awakọ̀ lèmi náà, ojú ń tì mí. Wọ́n gbé òkú igi náà lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey.

Alárìnkiri

Awakọ̀, ìtàn yín dùn, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ẹ má sọ pé igi aṣálẹ̀ ni gbòǹgbò jíjìn kí ẹ sì dá ẹnu dúró síbẹ̀. Kákítọ́ọ̀sì tí a torí rẹ̀ kóra jọ síbí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo gbé ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, fún ọdún mẹ́ta, nínú aṣálẹ̀ Sonoran. Saguaro kan, ìyẹn kákítọ́ọ̀sì tó ga bí igi, wà nítòsí ibi tí mò ń gbé, ó ga tó ilé alájà méjì, ó ní apá mẹ́rin. Ẹ̀fúùfù wó o lọ́jọ́ kan, ni mo fi rí gbòǹgbò rẹ̀. Mo ti rò pé ihò tó máa kù síbẹ̀ á gba èèyàn. Kòtò tí kò jìn rárá ni mo bá. Gbòǹgbò kan ló lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìyókù ló nà kiri lábẹ́ ilẹ̀ bí okùn aṣọ, wọn kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Bí igi náà ṣe ga tó ni wọ́n nà jìnnà sí i lọ́tùn-ún lósì. Ìdí ni pé òjò ibẹ̀ kì í pẹ́: á bọ́ wàràwàrà, á rin orí ilẹ̀, oòrùn á tún gbà á lọ. Ẹni tí yóò bá jẹ nínú rẹ̀, òkè ló yẹ kó tẹ́ abọ́ sí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn òjò, gbòǹgbò kéékèèké tuntun á ti yọ lára àwọn àtijọ́, wọ́n á mu, wọ́n á mu. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, àwọn ẹlẹgẹ́ yẹn á kú, àwọn ńlá á sún kì kúrò lára iyẹ̀pẹ̀, kí àyè lè wà láàárín, kí ilẹ̀ gbígbẹ má baà fa omi padà lára igi. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ara rẹ̀ náà kò dán o. Ó ní ìṣẹ́po láti òkè délẹ̀ bíi yẹ̀rì tí télọ̀ ṣẹ́. Lásìkò ọ̀dá, ìṣẹ́po náà á jinlẹ̀, igi á rù. Tí òjò bá rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tó fa atẹ́gùn sínú, láìfa awọ rẹ̀ ya. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e dúró. Èyí tó ti kú tó ti jẹrà tán, àwọn ọ̀pá yẹn ló ń kù nílẹ̀ bí egungun ìhà.

Kì í sì yára dàgbà. Lẹ́yìn ọdún 8, ó lè má tíì ga ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Kó tó yọ apá àkọ́kọ́, ó sábà máa ń tó ọdún 50 sí 70. Ní kékeré, abẹ́ igi mìíràn ló ń sá sí, bíi palo verde, kí oòrùn má baà sun ún, kí òtútù òru má baà pa á. Palo verde náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: èèpo ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, nítorí náà tó bá ti wọ́wé nítorí ọ̀dá, èèpo igi ló fi ń se oúnjẹ. Ocotillo tó wà ládùúgbò kan náà sì ń dà bí ìdì igi gbígbẹ tí wọ́n gún sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná, kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá, ewé á bò ó láti ìdí dé òkè. Ọ̀dá dé, ó tún wọ́ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́dún.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Mo gbà fún yín lórí saguaro. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí sílẹ̀: lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tucson, ní Arizona yín yẹn kan náà, àwọn awakùsà rí gbòǹgbò igi mesquite ní ohun tó lé ní mítà 50 sísàlẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá omi ní aṣálẹ̀ Kalahari, ní gúúsù Áfíríkà, sì bá ti Boscia albitrunca ní mítà 68. Igi tí orí rẹ̀ kò ga ju èèyàn mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká!

Ìbéèrè kan: tí mọ́tò mi bá takú láàárín aṣálẹ̀, ṣé mo kàn lè gé kákítọ́ọ̀sì, kí n fún omi rẹ̀ mu, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú sinimá?

Alárìnkiri

Ẹ má dán an wò. Kò sí àmù omi kankan nínú rẹ̀. Ẹran ara kan tó ń yọ̀ bí ilá lẹ máa bá níbẹ̀, ásíìdì tí Tíṣà ń wí wà nínú rẹ̀, májèlé mìíràn sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀, omi tí ẹ máa pàdánù á sì ju èyí tí ẹ mu lọ. Ẹ jókòó sí òjìji mọ́tò yín.

Ọmọ Ẹlẹ́wé

Ẹ̀gún wọn ńkọ́? Nítorí kí ẹran má baà jẹ wọ́n ni, àbí? Oró agogo tó ń hù káàkiri náà lẹ́gùn-ún, kákítọ́ọ̀sì lòun náà.

Ìyá Olókùúta

Ọmọ Ẹlẹ́wé, méjì lo sọ, méjèèjì ló fẹ́ àtúnṣe.

Ẹ̀gún ń lé ẹran lóòótọ́, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ewé ni ẹ̀gún yẹn tẹ́lẹ̀ rí. Ewé fẹ̀, omi ń gba ara rẹ̀ lọ, ni kákítọ́ọ̀sì bá sọ ewé rẹ̀ di abẹ́rẹ́, ó gbé iṣẹ́ oúnjẹ sísè fún ara igi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá pọ̀, wọ́n ń ṣíji bo awọ igi, wọ́n sì ń dá atẹ́gùn gbígbóná dúró kó má baà máa gbá a lára tààrà. Kákítọ́ọ̀sì kan wà ní Mẹ́síkò tí irun funfun bò bí orí arúgbó, iṣẹ́ kan náà nirun yẹn ń ṣe. Àwọn mìíràn tún ń fi ẹ̀gún mú kùrukùru: ìrì á dì sórí ẹ̀gún, á yí lọ sí ìdí rẹ̀.

Oró agogo kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì rárá. Gé e díẹ̀, oje funfun á jáde (má jẹ́ kó kàn ọ́ lójú o, ó lè fọ́jú èèyàn). Kákítọ́ọ̀sì gidi, inú ojú kékeré kan tó dà bí òwú ni ẹ̀gún ti ń yọ ní ìdì-ìdì. Oró kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àríwá àti ti gúúsù, ni ìdílé kákítọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀. Ẹyọ kan péré, Rhipsalis baccifera, ló wà ní Áfíríkà láìjẹ́ pé èèyàn gbé e wá. Oògùn kan náà ni ìdílé méjèèjì rí fún àìsàn kan náà, ni wọ́n ṣe jọra bẹ́ẹ̀. Wọn kò bá ara wọn tan.

Ó wá kan ti Àṣàkẹ́. Àbúrò mi, MÁ BOMI RIN LITHOPS YẸN. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí o lè rí i. Òùngbẹ kọ́, ọmọ ló ń bí. Ewé méjì péré ló ń ní lẹ́ẹ̀kan náà, tó nípọn, tí omi kún inú wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ewé méjì tuntun á máa dàgbà nínú wọn lọ́hùn-ún. Omi àti oúnjẹ inú ewé àtijọ́ làwọn tuntun ń mu, bí ọmọ ṣe ń mu ọmú ìyá. Ìyá á hunjọ, á gbẹ, á ku awọ pẹlẹbẹ bíi bébà. Ìgbà yẹn ni kí o tó bu omi. Tí o bá bu ú nísinsìnyí, ìyá á tún sanra, kò ní gbẹ, àwọn ọmọ á há sínú rẹ̀.

Fẹ̀sọ̀ wo orí rẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí i. Ibi tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ẹlẹ́gbin yẹn, fèrèsé ni. Nínú aṣálẹ̀ gúúsù Áfíríkà tí ó ti wá, gbogbo ara rẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀, orí nìkan ló yọ. Ìmọ́lẹ̀ ń gba fèrèsé yẹn wọlé lọ bá ibi aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ooru kò ti le tó ti òkè. Ó sì jọ òkúta débi pé nígbà tí William Burchell, arìnrìn-àjò kan tó ń ṣèwádìí ewéko, ṣa ọ̀kan nílẹ̀ ní 1811, ó rò pé òkúta tó rí bákan lòun mú.

Kò-sí-ìyọnu

Ìyá, mò ń bu omi fún tèmi láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, kò sì tíì kú.

Ìyá Olókùúta

Mélòó ni ewé rẹ̀?

Kò-sí-ìyọnu

Mẹ́fà. Wọ́n gun ara wọn.

Ìyá Olókùúta

Ìdáhùn rèé. Ìran mẹ́ta ló ń gbé inú yàrá kan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má dá sí i títí méjì ìsàlẹ̀ yóò fi di bébà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko

Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó tíì dáhùn ti òdòdó àjíǹde. Ohun méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ èyí tó jẹ́.

Ọ̀kan ni Selaginella lepidophylla, láti aṣálẹ̀ Chihuahua ní Mẹ́síkò. Èyí ń jí lóòótọ́. Ó lè pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú omi ara rẹ̀, kó ká jọ bí ìkúùkù, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ọ̀kan lára ohun tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ nígbà yẹn ni ṣúgà kan tó ń jẹ́ trehalose. Tí omi bá dé, á tú ká, á padà máa se oúnjẹ.

Ìkejì ni Anastatica hierochuntica, láti Sàhárà àti aṣálẹ̀ Lárúbáwá. Òun kì í jí. Ó ti kú ná. Ó tún ń là nígbà tí omi bá kàn án nítorí pé igi ara rẹ̀ ń wú, bí ilẹ̀kùn ṣe máa ń wú lásìkò òjò. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀: ó di ọwọ́ rẹ̀ tó ti kú mọ́ èso rẹ̀, kò sì ní tú u sílẹ̀ àfi tí òjò bá rọ̀, tí àwọn èso yẹn á fi rí ilẹ̀ tútù bọ́ sí. Arábìnrin, tí tiyín bá là tó ní àwọ̀ ewé, Selaginella ni. Tó bá là tó ṣì pọ́n rúsúrúsú bí igi ìdáná, Anastatica ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má fi í sínú omi fún ọjọ́ pípẹ́, èbu á bò ó.

Mo fẹ́ fi kún un pé à ń sọ̀rọ̀ àwọn tó dúró kojú ọ̀dá, a kò sọ ti àwọn tó sá fún un, bẹ́ẹ̀ wọ́n pọ̀ jọjọ. Ewéko wà ní aṣálẹ̀ tí wọn kò nípọn, tí wọn kò lẹ́gùn-ún, tí gbòǹgbò wọn kò jìn. Inú kóró èso ni wọ́n ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé wọn. Nínú èèpo kóró ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan kan wà tí kì í jẹ́ kó hù. Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Òjò tó pọ̀ tó láti fọ̀ ọ́ kúrò náà ló pọ̀ tó láti gbé ewéko náà dé ìgbà tó máa so. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń hù lọ́dún kan náà: àwọn kan á dúró, bí òjò bá tan àwọn ẹgbẹ́ wọn jẹ. Èso wo ló lè dúró pẹ́ jù? Ti ọ̀pẹ détì kan tí wọ́n hú jáde ní Masada ní Ísírẹ́lì ti tó nǹkan bí ọdún 2000. Wọ́n gbìn ín ní 2005, ó sì hù.

Alárìnkiri

Akẹ́kọ̀ọ́ ti rán mi létí Welwitschia, ti aṣálẹ̀ Namib, ní Nàmíbíà àti Àńgólà. Ewé méjì péré ló ń hù lẹ́yìn èyí tó bá jáde nínú èso, àwọn méjì yẹn náà ló máa ní títí ayé rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n ń gùn láti ìdí, orí ń gbẹ, atẹ́gùn ń fà wọ́n ya, ẹni tó bá rí i á rò pé pàǹtírí ni wọ́n dà síbẹ̀. Friedrich Welwitsch ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ Yúróòpù, lẹ́yìn tó rí i ní Àńgólà ní 1859.

Àṣàkẹ́ Ojú Fèrèsé

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tún kà á sí ọmọ mi létí.

Mo ti gé e, bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gé e kí àmì pupa yẹn tó tán. Ohun tó kù kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, àmọ́ ó le, ojú rẹ̀ sì mọ́. Mo gbé e sórí àwo lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Òdòdó àjíǹde, mo rẹ ẹ́ sómi lálẹ́, nígbà tí mo jí ó ti là, ṣùgbọ́n ó pọ́n rúsúrúsú bí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wí. Òkú ni wọ́n fún mi. Èso kékeré méjì já sínú omi, mo ti kó wọn pamọ́. Lithops, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, mo rí orí àwọn ọmọ náà láàárín!

Tó bá wá tó àkókò láti gbin kákítọ́ọ̀sì yìí, irú iyẹ̀pẹ̀ wo ni kí n lò?

Bàbá Olóko

O ṣe é dáadáa. Ìdajì òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn tó rí ṣákiṣàki, ìdajì iyẹ̀pẹ̀. Má lo iyanrìn tó kúnná, yóò dì. Ìkòkò amọ̀ ló dára jù, kó má tóbi ju ewéko náà lọ púpọ̀, kí ihò sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa kí omi lè ríbi gbà lọ.

Àṣàkẹ́ Ojú Fèrèsé

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìkòkò àtijọ́ náà dojú bolẹ̀ ni. Kò sí ihò kankan nísàlẹ̀ rẹ̀.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì

Áà! Ìdí nìyẹn tí ọdún méjì fi kọjá láìsí wàhálà, kí oṣù kan péré tó wá bà á jẹ́. Nígbà tí ẹ kàn ń ta omi sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rí àyè gbẹ. Gbogbo ti oṣù tó kọjá, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló jókòó sí.

Kò-sí-ìyọnu

Mo ṣáà ti sọ pé omi ló pa á.

Ìyá Olókùúta

Àṣàkẹ́, ìkòkò Lithops ńkọ́?

Àṣàkẹ́ Ojú Fèrèsé

Ẹ dúró, mò ń lọ wò ó.